William Crookes

Sir William Crookes (ọjọ́ 17, Oṣù Kẹfà, ọdún 1832 – ọjọ́ 4, Oṣù Kẹrin, ọdún 1919) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì àti físíksì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó ṣàwárí ẹ́límẹ́ǹtì tí ń jẹ́ thallium ní ọdún 1861. Òun náà ni ó ṣe ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ mìíràn lò lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣàwárí ìtànṣán X. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ kan tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ láàárín àwọn oníṣẹ́ ojú: ó wá oríṣi gíláàsì aláwọ̀ tí yóò dáàbò bo ojú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgò lọ́wọ́ ooru àti ìtànṣán iléru. Jígí ojú tí wọ́n ti ara iṣẹ́ náà ṣe ni wọ́n ń pè ní jígí Crookes.

Ohun pàtàkì tí iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé dúdú jígí kọ́ ni ààbò rẹ̀. Ohun tí jígí dá dúró àti ohun tí ó jẹ́ kí ó kọjá ni ó ṣe kókó, wíwọ̀n ni ó sì ń fi èyí hàn, kì í ṣe wíwò lásán. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń dà láàmú, láti ẹnu iléru títí dé etíkun bí irú ti Badagry ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí iyanrìn, ọ̀sà àti òkun ti jọ ń dá ìtànṣán oòrùn padà sí ojú ènìyàn.

Ìbí àti ẹ̀kọ́

Ìlú London ni wọ́n bí William Crookes sí. Joseph Crookes, bàbá rẹ̀, jẹ́ aránṣọ tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní òpópónà Regent Street. Mary Scott, ìyàwó kejì tí bàbá náà fẹ́, ni ìyá rẹ̀. William ni àkọ́bí ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ àbúrò ni ó sì tẹ̀ lé e. Ìwé kíkà rẹ̀ ní kékeré kò tò lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1848 ó wọ Royal College of Chemistry ní London, níbi tí August Wilhelm von Hofmann, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ń kọ́ni. Láti ọdún 1850 sí 1854, ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ Hofmann ní yàrá ìdánwò. Ní àkókò yìí ni ó mọ Michael Faraday, ìmọ̀ràn àti àpẹẹrẹ àgbà yìí sì fà á sún mọ́ ìwádìí nípa ìmọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1854, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Radcliffe ní Oxford, níbi tí ó ti ń bójú tó àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó di olùkọ́ kẹ́místrì ní ìlú Chester. Ó fẹ́ Ellen Humphrey ní ọdún 1856, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n padà sí London, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ibùgbé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kankan. Yàrá ìdánwò tí ó kọ́ sínú ilé ara rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fi ìwé ìròyìn àti ìmọ̀ràn fún àwọn oníṣòwò wá oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 1859, ó dá ìwé ìròyìn Chemical News sílẹ̀, ó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀ títí di ọdún 1906. Ó tún ṣe olóòtú ìwé ìròyìn nípa fọ́tò yíyà ní ìgbà tí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun, èyí tí ó jẹ́ kí ó mọ ìwà ìmọ́lẹ̀ lórí gíláàsì dáadáa.

Ìṣàwárí thallium

Láàárín ọdún 1859 sí 1860, Robert Bunsen àti Gustav Kirchhoff ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé bí ẹ́límẹ́ǹtì kan bá gbóná nínú iná, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn máa ń ní àwọn ìlà àwọ̀ tí kò sí lára òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe máa ń fi ìran ènìyàn hàn láyé àtijọ́. Crookes tètè gba ọ̀nà ìwádìí yìí. Ní ọdún 1861, nígbà tí ó ń yẹ ìdọ̀tí tí ó ṣẹ́kù láti ilé iṣẹ́ ásíìdì wò, ó rí ìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù, tí kò jọ ti ẹ́límẹ́ǹtì kankan tí ayé ti mọ̀. Ó sọ ohun tuntun náà ní thallium, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìṣàwárí yìí, nítorí Claude-Auguste Lamy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ yọ irin náà jáde ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ ní ọdún 1862. Lónìí, orúkọ àwọn méjèèjì ni ìtàn máa ń dá, ṣùgbọ́n Crookes ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ rí i. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á wọlé ní ọdún 1863.

Ìwádìí nínú òfìfo

Crookes lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wọn ìwúwo átọ́mù thallium, ó sì gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ìwọ̀n náà lè péye. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé ohun gbígbóná àti ìmọ́lẹ̀ máa ń da òṣùwọ̀n náà rú. Àkíyèsí yìí ni ó bí ohun èlò kékeré kan tí ń jẹ́ radiometer, tí ó fi han ayé ní ọdún 1875: gíláàsì róbótó kan tí abẹ̀bẹ̀ kéékèèké wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan wọn dúdú tí èkejì sì funfun, tí ó sì máa ń yí bìrìbìrì bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Crookes rò pé agbára títì tí ìmọ́lẹ̀ ní ni ó ń yí i. Àwọn ẹlòmíràn fi hàn pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú gíláàsì náà ni okùnfà, Crookes sì gba àtúnṣe náà.

Láti ibẹ̀ ni ó ti tẹ̀ síwájú sí ọ̀pá gíláàsì olófìfo tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1879, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Sheffield, ó fi han àwùjọ pé ìtànṣán tí ń jáde nínú ọ̀pá náà máa ń rìn tààrà, pé ó máa ń ní òjìji, àti pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni Wilhelm Röntgen ń lò ní ọdún 1895 nígbà tí ó ṣàwárí ìtànṣán X, irú rẹ̀ sì ni J. J. Thomson lò ní ọdún 1897 láti fi hàn pé ìtànṣán inú ọ̀pá náà jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1903, Crookes tún ṣe ohun èlò kékeré kan tí ènìyàn lè fi ojú rí bí radium ṣe ń ta ìmọ́lẹ̀ fínfín sára zinc sulfide, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì.

Ìrìnàjò sí Áfíríkà

Ó rin ìrìnàjò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà nítorí iṣẹ́ ìwádìí. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1870, ó wà lára àwọn tí wọ́n lọ sí ìlú Oran ní Àlgéríà láti wo ọ̀sán dòru, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run ní wákàtí tí wọ́n ń retí, wọ́n sì padà sílé láìrí ohun tí wọ́n bá wá. Ní ọdún 1896 àti 1905, ó lọ sí Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà láti yẹ àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa díámọ́ńdì wò, ó sì kọ ìwé kan nípa díámọ́ńdì ní ọdún 1909.

Ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ayé

Nígbà tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ British Association ní ọdún 1898, ó kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlú Bristol pé àlìkámà kò ní tó àwọn tí ń jẹ ẹ́ mọ́ bí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì kò bá wá ọ̀nà láti yọ náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún ajílẹ̀ oko. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Fritz Haber àti Carl Bosch ní ilẹ̀ Jámánì fi rí ọ̀nà náà.

Ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀mí àwọn òkú

Ní ọdún 1867, Philip, àbúrò Crookes, kú nípasẹ̀ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù alámì abẹ́ òkun ní agbègbè Kúbà. Ikú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dun Crookes wọra, láti ìgbà náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ní àwọn lè bá òkú sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1870, ó ṣe ìdánwò lórí Daniel Dunglas Home, Kate Fox àti Florence Cook, ó sì kéde pé òun rí àwọn nǹkan tí físíksì kò lè ṣàlàyé. Royal Society kọ̀ láti gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí Home jáde ní ọdún 1871. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé wọ́n tàn án jẹ ni.

Crookes kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tí ń ṣèwádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Society for Psychical Research, láti ọdún 1896 sí 1899. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1916, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti jọ wà, ó gba fọ́tò kan tí ojú olóògbé náà hàn nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ṣì wà láàyè ní ibòmíràn. Lójú àwọn mìíràn, fọ́tò méjì tí wọ́n yà lé ara wọn ni. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì máa ń fi apá ìgbésí ayé yìí wé iṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Níbi tí ó ti lè fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan, ó ṣòro láti rí ẹni tí ó ṣọ́ra jù ú lọ. Níbi tí ó ti gbára lé ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣọ̀fọ̀, ó di ẹni tí ó rọrùn láti tàn.

Àrùn ojú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgò

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń fẹ́ ìgò máa ń pàdánù ojú wọn ju àwọn oníṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dúró ti iléru fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, tí yóò máa wo gíláàsì yíyọ́ tí ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, awò inú ẹyinjú rẹ̀, tí ó yẹ kí ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ìríran rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Kàtaráàtì ni àrùn yìí. Àwọn arúgbó ni ó sábà máa ń mú, ṣùgbọ́n ní ilé ìgò, ó ń mú ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Fún òṣìṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó fi ń jẹun, àìríran túmọ̀ sí òpin iṣẹ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ òṣì.

Ní ọdún 1908, Royal Society yan ìgbìmọ̀ kan láti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà. Crookes, tí ó ti di ẹni ọdún 76, wà lára ìgbìmọ̀ ọ̀hún, òun sì ni ó gbé iṣẹ́ wíwá gíláàsì tí yóò dáàbò bo ojú lé èjìká.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni ó ń ba ojú jẹ́ gan-an. Ìtànṣán iléru kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Apá kan wà tí ojú ń rí, tí àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti pupa títí dé àlùkò bí ti òṣùmàrè. Apá kan kọjá pupa; ojú kò lè rí i, ara ni ó ń mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ooru, infrared sì ni orúkọ rẹ̀. Apá kẹta kọjá àlùkò. Ojú kò lè rí òun náà, ultraviolet ni wọ́n ń pè é, irú rẹ̀ nínú oòrùn ni ó sì ń bó awọ ara. Crookes wọn ìtànṣán tí ń ti ara gíláàsì yíyọ́ jáde, ó rí i pé ultraviolet inú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Ìwádìí àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ooru yìí ni olórí okùnfà àrùn náà.

Jígí Crookes

Ìṣòro náà kò rọrùn bí ẹni tí ó kàn fẹ́ fi òkùnkùn bo ojú. Jígí tí ó dúdú jù yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ kan iná tàbí kí ó ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ ọ sọnù. Nítorí náà, Crookes fi ohun mẹ́ta ṣe àfojúsùn lẹ́ẹ̀kan náà: kí gíláàsì náà dá ooru dúró, kí ó dá ultraviolet dúró, kí ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kọjá débi tí ènìyàn yóò fi lè ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é jẹ́ ti onísùúrù. Ó pò gíláàsì pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi irin àti èròjà, bí cerium, chromium, nickel, cobalt, neodymium àti irin lásán, ní ìwọ̀n tí ó yàtọ̀ síra. Ó yọ́ wọn, ó gé wọn sí awẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì wọn iye oríṣi ìtànṣán kọ̀ọ̀kan tí ń gba inú awẹ́ kọ̀ọ̀kan kọjá. Oríṣi gíláàsì tí ó dán wò ju 300 lọ.

Àbájáde náà yàtọ̀ sí ohun tí ojú lè fọkàn sí. Gíláàsì tí cerium wà nínú rẹ̀ lè mọ́ débi tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi hàn púpọ̀, síbẹ̀ ó ń dá ultraviolet dúró. Gíláàsì tí irin wà nínú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, òun sì ni ó ń gbé ooru mì jù lọ. Neodymium àti ìbejì rẹ̀, praseodymium, máa ń yọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ń tàn yòò láti inú iná gíláàsì kúrò. Crookes rí àwọn gíláàsì tí wọ́n lè dá ohun tí ó ju ìdá 90 nínú 100 ooru dúró, tí wọn kò jẹ́ kí ultraviolet kọjá, tí àwọ̀ wọn kò sì pọ̀ jù fún jígí ojú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tí ó borí gbogbo yòókù nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó fẹ́ yan gíláàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fẹ́ sá fún. Ó ka àbọ̀ iṣẹ́ náà sí etí Royal Society ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1913, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 81, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1914.

Àwọn oníṣòwò jígí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tètè mú iṣẹ́ náà lò. Jígí Crookes wọ ọjà ní oríṣi tí wọ́n fi lẹ́tà sàmì sí: A jẹ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, tí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lẹ́nu lè lò lójoojúmọ́, B sì dúdú jù ú lọ, fún oòrùn líle. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe jígí iléru. Wọ́n dá ultraviolet dúró, ṣùgbọ́n wọn kò dá ooru dúró bí èyí tí ó ṣe fún àwọn tí ń fẹ́ ìgò. Síbẹ̀, nípasẹ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kọ́kọ́ gbọ́ pé jígí lè mọ́ lójú, kí ó sì dáàbò boni.

Ọlá àti ikú

Crookes gba oyè Sir ní ọdún 1897, ó sì gba oyè Order of Merit ní ọdún 1910. Royal Society fún un ní àmì ẹ̀yẹ Royal Medal ní ọdún 1875, Davy Medal ní ọdún 1888 àti Copley Medal ní ọdún 1904. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1913 sí 1915. Ilé rẹ̀ ní Kensington Park Gardens wà lára àwọn ilé àdáni àkọ́kọ́ tí iná mànàmáná tàn nínú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní London ní ọjọ́ 4, Oṣù Kẹrin, ọdún 1919, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú Brompton.

Ìwúlò iṣẹ́ rẹ̀ ní etíkun Badagry

Kò sí iléru ìgò ní etíkun Badagry, ìlú tí àwọn Yorùbá ń pè ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Crookes dáhùn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú náà wà létí ọ̀sà. Erékùṣù Gberefu wà láàárín ọ̀sà náà àti òkun Àtìláńtíìkì, iyanrìn sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́bàá òkun. Agbègbè náà kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí. Ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú kì í ti òkè nìkan wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé iyanrìn gbígbẹ etíkun ń dá nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ultraviolet tí ó kàn án padà, ìfófòó òkun sì ń dá nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 padà. Fìlà tàbí akẹtẹ̀ lè dí ti òkè, ṣùgbọ́n kò lè dí èyí tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀.

Apẹja tí ó wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, obìnrin tí ń sá ẹja létí omi, ẹni tí ń ká àgbọn àti ọlọ́kadà ojú títì wà lára àwọn tí ìtànṣán yìí ń kàn jù. Bí ó bá ń kàn wọ́n fún ọdún púpọ̀, ó lè dá kún kàtaráàtì, ó sì lè mú kí ẹran pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ hù láti igun ojú wá sórí ẹyinjú. Ọ̀rọ̀ ti awakọ̀ tún yàtọ̀. Títì tí ó so Badagry pọ̀ mọ́ Èkó lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tí ó bá ń lọ sí Èkó ní òwúrọ̀ yóò kojú oòrùn tí ń yọ, bí ó bá sì ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò kojú èyí tí ń wọ̀.

Ẹ̀kọ́ Crookes ni pé kí ènìyàn má fi dúdú jígí díwọ̀n ààbò. Ọmọlójú máa ń fẹ̀ sí i bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù. Bí ẹnì kan bá wọ jígí dúdú tí kò dá ultraviolet dúró, ọmọlójú rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òkùnkùn náà, ultraviolet yóò sì rí àyè wọlé ju bí ó ti yẹ lọ. Àmì tí ó yẹ ní wíwá lára jígí òde òní ni UV400, tí ó túmọ̀ sí pé jígí náà ń dá ultraviolet dúró títí dé nanomítà 400, ìyẹn ààlà ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè lẹ àmì mọ́ jígí, ó dára kí oníṣẹ́ ojú tí ó ní irinṣẹ́ ìwọ̀n bá ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà.

Bí jígí ti dúdú tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìlànà àgbáyé pín jígí oòrùn sí ìpele márùn-ún, láti 0 títí dé 4. Ìpele 2 ń jẹ́ kí ìdá 18 sí 43 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ìpele 3 ń jẹ́ kí ìdá 8 sí 18 kọjá, òun ni ó sì bá oòrùn etíkun mu. Ìpele 4 dúdú débi pé kò yẹ kí awakọ̀ lò ó rárá. Jígí dúdú kò yẹ fún wíwa ọkọ̀ lálẹ́, ohun yòówù kí ìpele rẹ̀ jẹ́.

Àwọ̀ náà ní ìlò tirẹ̀. Jígí aláwọ̀ eérú máa ń fi àwọ̀ nǹkan sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí náà iná ojú pópó kò ní yí padà lójú awakọ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì gbígbẹ máa ń jẹ́ kí ojú tètè ya nǹkan sọ́tọ̀ lára ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lójú omi, jígí tí wọ́n ń pè ní polarized, tí Edwin Land ti Amẹ́ríkà jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti ọdún 1929, ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ tí ń dán yinrin lójú omi jù lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí omi dá padà máa ń dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan, jígí náà sì ń dí ọ̀nà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n polarized nìkan kò túmọ̀ sí pé jígí ń dá ultraviolet dúró. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Àwọn kan wà tí ojú wọn kò lè gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ẹlòmíràn gbà. Àwọn àfín wà lára wọn, nítorí pé èròjà tí ń fún ara ní àwọ̀, tí ó yẹ kí ó dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú ojú, kò tó lára wọn; jígí aláwọ̀ tí ó ní UV400 àti akẹtẹ̀ gbígbòòrò máa ń tù wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tí túúlu ń ṣe. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ìmọ́lẹ̀, pàápàá bí ojú náà bá ń pọ́n, tí ó ń dùn ún, tàbí tí ìríran rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ojú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé àìsàn inú ojú lè fara pamọ́ sẹ́yìn jígí dúdú títí yóò fi pẹ́ jù. Wíwọ jígí dúdú nínú ilé ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú kò dára, nítorí ojú yóò mọ́ òkùnkùn lára, ìmọ́lẹ̀ yóò sì túbọ̀ máa ni ín lára.

Gíláàsì tí Crookes yọ́ kò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́. Ike ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jígí oòrùn òde òní. Jígí tí neodymium àti praseodymium wà nínú rẹ̀ ṣì wà lójú àwọn tí ń fi iná ṣe iṣẹ́ ọnà gíláàsì títí di òní, ìlànà tí ó fi lélẹ̀ ní ọdún 1913 sì ni àwọn tí ń ṣe jígí ṣì ń tẹ̀ lé: kí wọ́n mọ ìtànṣán tí ń pa ojú lára, kí wọ́n wọn ohun tí jígí ń dá dúró nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú nílò sílẹ̀ fún un.